Láàbù ni àbí igbó? Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko láti Ìsánlú

Ọkun o, àbúrò. O ní o ń parí ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì lọ́dún yìí, ilé rẹ wà ní Ìsánlú, o sì fẹ́ mọ èwo ni kí o dì mú: iṣẹ́ láàbù tàbí iṣẹ́ ẹranko igbó. O tún ní àwọn ará ilé ń sọ pé kò sówó nínú méjèèjì. Mi ò ní bá wọn jiyàn. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù kì í ṣe inú láàbù, kì í sì í ṣe inú igbó. Àárín méjèèjì ni, láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹran lára eku títí túùbù fi dé orí tábìlì. Àwọn tó mọ igbó kì í sábà mọ ohun tí láàbù fẹ́. Àwọn tó jókòó sí láàbù ò mọ bí inú búùtù ọkọ̀ ṣe ń gbóná tó ní Lọ́kọ́ja lósù kẹta. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ni wọ́n ń wá kiri. Má yan ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ mú kúrò nílẹ̀ ná, torí ó ti já ọ̀pọ̀ ọmọ wa kulẹ̀. Oyè ìmọ̀ ẹranko kò sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀ láàbù ilé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, MLSCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù ìwòsàn, ló sì ń fún àwọn tó kà á ní ìwé àṣẹ. Bí láàbù aládàáni kan bá ní kí o wá máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, tí wọ́n ní kò sí wàhálà, wàhálà wà ńbẹ̀. Tìrẹ ni àjọ NISLT, tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàbù sáyẹ́ǹsì. Tí o bá sì ń lọ sìnrú ìlú, wá ilé ìwádìí tí yóò kọ ìwé pé òun fẹ́ ọ, bíi ilé ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, kí wọ́n má baà gbé ọ lọ síbi tí wàá ti máa kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì lọ́dún kan gbáko.

Ó yá, ọ̀rọ̀ túùbù. Fún DNA, ìyẹn ohun àbínibí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, étánọ́ọ̀lù 95% sókè ni kí o lò. Èyí tó jẹ́ 70%, tí wọ́n fi ń nu tábìlì, kò tó: omi wà nínú ẹran fúnra rẹ̀, yóò tún là á sí i, DNA á sì máa já wẹ́wẹ́. Má fi spírìtì ilé oògùn rọ́pò rẹ̀, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Fọ́málìn 10% dára fún ẹran tí wọ́n fẹ́ gé tínrín wò lábẹ́ máíkíróskóòpù, àmọ́ ó máa ń so DNA mọ́ pùrótéènì, PCR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, á sì máa fì. Bí o bá fẹ́ méjèèjì, pín ẹran náà sí méjì kí oògùn kankan tó kàn án.

Ẹran tí o gé kò gbọdọ̀ nípọn ju 5 mm lọ, torí díẹ̀díẹ̀ ni étánọ́ọ̀lù ń wọnú rẹ̀. Ìwọ̀n ẹran kan, étánọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Lẹ́yìn wákàtí 24, da ti àkọ́kọ́ nù kí o bu tuntun sí i. Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń fò, tí ẹran á wá rà, tí wọ́n á ní étánọ́ọ̀lù ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Túùbù 2 ml tí wọ́n ń yí ìdérí rẹ̀, tó ní òrùka rọ́bà lẹ́nu, ni kí o rà. Èyí tí wọ́n kàn ń tẹ̀ pa á ti jò tán kí ọkọ̀ tó ti Ẹ̀gbẹ̀ dé Kàbà.

Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ lébẹ̀ẹ̀lì. Étánọ́ọ̀lù ń fọ báírò dànù bí òjò ṣe ń fọ àtíkè. Nọ́ńbà kan náà yóò wà níbi mẹ́ta: lórí pépà líle kékeré nínú túùbù, lára túùbù, àti nínú ìwé àkọsílẹ̀. Má kọ "eku 1", torí eku 1 mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Irú ISA-25-E017 ló dáa: ibi, ọdún, irú ẹranko, nọ́ńbà. Ya fọ́tò ojú ìwé náà lálaalẹ́.

Tó bá jẹ́ RNA, ìbátan DNA tó tètè ń bàjẹ́, ni wọ́n ń wá, étánọ́ọ̀lù kò ní gbà ọ́ là. Oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní RNAlater ni, ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n ẹran. Ó ń pa RNA mọ́ fún nǹkan bí oṣù kan ní 4°C, ọ̀sẹ̀ kan ní 25°C, ọjọ́ kan péré ní 37°C. Nígbà ẹ̀rùn níhìn-ín, ọjọ́ kan yẹn lo ní. Kúlà oníyìnyín kì í ṣe fáàrí.

Ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì ńkọ́? Tẹ́ ẹ tínrín, jẹ́ kó gbẹ, rì í sínú mẹ́tánọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta lọ́jọ́ náà gan-an. Bí o bá fi í sílẹ̀ di àárọ̀ láìrì í, aáyán àti eṣinṣin á ti jẹ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Lẹ́yìn náà, fi aró Giemsa 10% kùn ún fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, nínú omi búfà pH 7.2, ìyẹn omi tí ìwọ̀n kíkan rẹ̀ kì í tètè yí. Omi kànga ń yí àwọ̀ padà: bí omi náà bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á pupa, bí kò bá kan rárá, á dúdú bí aró.

Eku fúnra rẹ̀ ló léwu jù. Mastomys natalensis, eku olómú púpọ̀ tó ń gbé inú ilé àti oko, ló ń gbé àìsàn Lassa kiri, Kògí sì wà lára ìpínlẹ̀ tí àìsàn náà ti ń yọjú. Má dá nìkan ṣe é; ẹgbẹ́ tó ní ìwé àṣẹ àti ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ni kí o bá lọ. Dẹ pańpẹ́ nírọ̀lẹ́, mítà mẹ́wàá síra wọn, kí o fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ ṣe oúnjẹ inú rẹ̀. Kó wọn kí oòrùn tó mú, torí páànù álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe pańpẹ́ náà ń yára gbóná, eku á kú sínú rẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣí i, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì, ìbòmú N95 àti awò ìdáàbòbo. Bí ìgò bílíìṣì bá kọ 3.5%, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́fà ni 0.5% tí wàá fi pa kòkòrò àìsàn lára pańpẹ́. Pò ó tuntun lójoojúmọ́, kí o sì fi omi ṣan pańpẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹ páànù. Ibà tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, má kàn gbé oògùn ibà mì: sọ fún dókítà pé eku lo ń mú. Irrua ní Ẹdó ni wọ́n ti mọ Lassa tọ́jú dáadáa.

Àdán náà kì í ṣe eré. Gba abẹ́rẹ́ ìdènà dìgbòlugi kí o tó fọwọ́ kàn án, méjì, ọjọ́ 0 àti ọjọ́ 7. Láti 1956 ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi lára àdán Èkó. Bó bá gé ọ jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, kì í ṣe àgbo.

Inú láàbù náà ní wàhálà tirẹ̀: iná mànàmáná tí ń lọ. Ẹ́ńsáìmù PCR fẹ́ −20°C, fíríísà tó ń yọ yìnyín ara rẹ̀ kò sì dára fún un torí ó ń móoru lóòrèkóòrè. Pín ẹ́ńsáìmù sí túùbù kéékèèké lọ́jọ́ tó bá dé, kí o má máa yọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí ìwọ̀nba. Gbé ife omi tó ti dì sínú fíríísà, kí o fi owó ẹyọ lé yìnyín náà lórí. Bí o bá dé lọ́jọ́ Ajé tí owó ti rì, fíríísà ti yọ́ lópin ọ̀sẹ̀, ẹni yòówù kó máa búra pé iná ò lọ.

PCR fúnra rẹ̀ kò ṣòro: ẹ̀rọ á gbé túùbù lọ sí 95°C, 50 sí 60°C, lẹ́yìn náà 72°C, ìgbà 30 sí 35. Òfìfo ni kí o ká mọ́ra, ìyẹn túùbù tí o fi omi sí dípò DNA. Bí òfìfo bá yọ ìlà lórí jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wo èsì, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn dànù, má wá àlàyé. Píípẹ́ẹ̀tì tó ti kan èsì PCR kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan àpòpọ̀ tuntun. Yàrá ọ̀tọ̀ ni bí àyè bá wà. Ọ̀gá tó bá ní kí o yọ òfìfo torí owó, kọ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, má kọ́ ìyẹn.

Bí o kò bá ní kọ́bọ̀, ẹyẹ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àtẹ ẹyẹ Nàìjíríà, tí wọ́n fi ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wà tí APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ ní Jos, ń darí. Áàpù BirdLasser lórí fóònù ni wọ́n ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin tó fẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 9 sí 9. Wàá lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, wàá sì máa fi ẹyẹ tuntun kún un títí di ọjọ́ márùn-ún, bí o ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra. Ẹyẹ tí kò dá ọ lójú, má kọ ọ́. Orúkọ rẹ á wà lórí iṣẹ́ náà kí o tó gba oyè kankan.

Kámẹ́rà igbó, tó ń dá ya fọ́tò ẹranko tó bá kọjá, rọrùn díẹ̀: dojú rẹ̀ kọ àríwá tàbí gúúsù, 40 cm sí ilẹ̀, gé koríko iwájú rẹ̀. Níhìn-ín wọ́n ń sun igbó láti oṣù kejìlá, nítorí náà ro yíká rẹ̀ kí iná má jẹ ẹ́.

Kí o tó wọ igbó kankan, kọ́kọ́ lọ rí Ọba tàbí Baálẹ̀ àti olórí ọdẹ. Bí ọdẹ bá ní ọ̀nà kan kò dáa lóṣù yìí, má wá ìdí, ìjínigbé wà. Gba ẹran kékeré lára ohun tí ọdẹ ti pa, àmọ́ má ra ẹranko lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á pa méjì sí i nítorí rẹ. Akika wà ní ipò àkọ́kọ́ nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, láti 2017: ìpẹ́ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé.

Fún másítà, APLORI ń kọ́ni nípa ààbò ẹranko pẹ̀lú Yunifásítì Jos. Yunifásítì Ìbàdàn, ti Abẹ́òkúta àti FUTA ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀kọ́ ẹranko igbó, New Bussa náà sì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀ nítòsí Kainji. Kọ́ R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò èsì ìwádìí, kí o tó lọ, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Nínú lẹ́tà tí wàá kọ sí olùkọ́ tó lè gbà ọ́, má kọ pé ìfẹ́ ẹranko wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Kọ ohun tí o lè gé, bí o ṣe ń pa á mọ́, áàpù tí o ti fi ẹyẹ ránṣẹ́, àti iye PCR tí òfìfo rẹ̀ mọ́.