Ẹ dín ìlérí tí ẹ ń ṣe fún aládùúgbò kù

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ẹ̀yin arábìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, tí ìyá ọkọ yín wà lórí àìsàn nínú ilé, tí opó àgbàlagbà tí ẹ jọ pín ògiri kò sì ní ẹlòmíì. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa pín ara yín láàárín màmá, opó náà àti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Ẹ ní ojú máa ń tì yín tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà opó náà kọjá láì yà. Mo mọ ojú títì yẹn. Télọ̀ ni mí, ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ sì mọ bí ìlérí àwa télọ̀ ṣe rí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi ní 2021. Ẹnu wọn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lálẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. A ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ máa gbàdúrà lọ nínú mọ́tò.

Nígbà tí a gbé wọn délé, mo gbé ẹ̀rọ kan wá sí pálọ̀, mo fi ọmọṣẹ́ méjì sí ṣọ́ọ̀bù. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, níbi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣí ní 2012, wọ́n kọ́ mi pé wákàtí méjì-méjì ni kí n máa yí màmá padà, kí egbò má baà dá sí wọn nídìí àti ní gìgísẹ̀. Mo so ó mọ́ iṣẹ́ mi: tí mo bá rán bùbá kan tán, mo dìde yí wọn kí n tó mú òmíràn. Omi lásán máa ń pá wọn lórí. Ẹ̀kọ mímu tó ki díẹ̀, ní ìjókòó, pẹ̀lú ṣíbí kékeré, ni ọ̀fun wọn gbà.

Bàbá kan wà ní yàrá kejì sí wa, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, àwọn ọmọ wà ní Kánádà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tiwọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, èmi ni n óò máa ra oògùn yín." Bí mo ṣe máa ń gba aṣọ ọdún lọ́wọ́ oníbàárà náà nìyẹn.

Ó wá di Iléyá 2023. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo fò láti bíi ₦190 kọjá ₦480, owó ọkọ̀ lọ sí ọjà aṣọ Gbági di ìlọ́po méjì. N kò lọ sí Gbági lọ́sẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà Gbági ni mo ti máa ń yà sílé oògùn. Mo gbàgbé pátápátá. Ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá fi wà láì lo oògùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ náà, 190 lórí 110. A sáré gbé wọn lọ, Ọlọ́run kó wọn yọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò rán mi létí.

"Mo rí i pé ọwọ́ rẹ dí."

Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Ẹni tí ẹ bá ti ṣèlérí fún kò ní bẹ ẹlòmíì mọ́. Ìlérí mi ló dínà mọ́ àwọn tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo pe ọmọ wọn ní Kánádà. Mo sọ ohun tí mo lè ṣe, mo sì sọ èyí tí n kò lè ṣe, n kò bomi là á. Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù, mo ń gba oògùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fowó ránṣẹ́ sílé oògùn, torí n kò fẹ́ owó olówó lọ́wọ́ mi (ẹ̀yin ará báǹkì ẹ mọ ohun tí mò ń wí). Láràárọ̀, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, Bàbá á ká kọ́tìnì fèrèsé tó kọjú sí ibi ẹ̀rọ mi. Bí n kò bá rí i ní kíká, mo kan ilẹ̀kùn. Omi pípọn bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilé kejì, oúnjẹ ọjọ́ Àìkú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìjọ wọn. N kì í dá sí ìyẹn, kódà tí iyọ̀ ọbẹ̀ náà bá pọ̀ jù. Ó dáa, mo dá sí i lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, oníbàárà lọ̀gá tèmi. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí mo wá ń dá ọjọ́ tó jìnnà, àwọn kan bínú lọ. Àwọn tó kù kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá, kí wọ́n tó bá yín wí pé ẹ ń pẹ́ dé. Kí ẹ sì lọ bá opó yẹn, kí ẹ sọ nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe, èyí tí agbára yín á ká lọ́jọ́ tó rẹ̀ yín jù.

Láàárọ̀ àná, aago méje lù, kọ́tìnì Bàbá kò ká. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré kan ilẹ̀kùn. Wọ́n kígbe láti inú: "Mo wà láyé o! Okùn kọ́tìnì ló já." Wọ́n na kọ́tìnì náà sí mi pé kí n bá àwọn rán an. Mo ní kò burú, ó di Sátidé.

Wọ́n wò mí sùn-ùn. "Sátidé télọ̀ ni, àbí Sátidé oògùn?"