Tí tréénà bá ní kí ẹ da oúnjẹ ajá nù

Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi rèé: Boerboel (irú ajá ńlá kan) olóṣù márùn-ún, 25 kílò. Kibble (oúnjẹ ajá gbígbẹ oníhóró inú àpò) lẹ ń fún un láàárọ̀, ìrẹsì àti ṣàwá lálẹ́. Tréénà, ẹni tó ń kọ́ ajá yín, tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ní kibble ń sọ ajá di ọ̀lẹ, ìrẹsì ń bí aràn sí i níkùn, pé ẹran tútù láti odò ẹran nìkan ni kó máa jẹ, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kó lè le. Ẹ ò sì fẹ́ lé e lọ, torí ajá ti ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ má lé e. Ẹ kàn ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́nà méjì. Ìgbà tí ajá máa jẹun lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, bí ebi ṣe máa wà lára rẹ̀ tó kó tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa fi san án tó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ tréénà nìyẹn, ẹ fetí sí i. Ohun tó wà nínú abọ́ gan-an, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lẹ ti máa béèrè.

Ẹran nìkan ló léwu jù nínú gbogbo ohun tó sọ, pàápàá fún irú ajá yìí tó ń dàgbà kíákíá. 100 gíráàmù ẹran màlúù tí kò léegun ní nǹkan bíi 200 mílígíráàmù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 10 lọ. Ọmọ ajá ní tiẹ̀ ń fẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù bá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dọ́gba, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú lọ. Tí kò bá rí i nínú oúnjẹ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára eegun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọrùn ẹsẹ̀ iwájú á rọ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀, ajá á máa tiro, á máa jókòó nígbà tó yẹ kó máa sáré. Ó lè fò sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo kí eegun kán. Irun rẹ̀ á sì máa dán lákòókò yìí, iṣan á yọ, tréénà á wá ní, “Ṣé ẹ rí bí ẹran ṣe ń ṣiṣẹ́?”

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sáré lọ ra omi kálísíọ́ọ̀mù tàbí eegun lílọ̀ dà sórí kibble. Ọmọ ajá ńlá kò lè dènà kálísíọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù. Èyí náà ń ba eegun jẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò: kálísíọ́ọ̀mù tó wà láàárín 1.2 sí 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún, purotéènì tí kò dín ní 22.5 (tí a bá yọ omi inú oúnjẹ kúrò nínú ìṣirò), àti ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé fún ọmọ ajá tó máa tóbi ni wọ́n ṣe é. Wọ́n sábà máa ń kọ “large breed puppy” sí i. Tó bá ti pé bẹ́ẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ti ìrẹsì àti ṣàwá ńkọ́? Tréénà jàre díẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ kò tọ́. Ìrẹsì kì í bí aràn. Ẹyin aràn tí ajá lá nílẹ̀, eégbọn tó ń fò (flea), àti ìyá tó kó o ran ọmọ nínú oyún ló ń fa aràn. Ọ̀rọ̀ pé ìkookò ni ajá, kò lè da sítáàṣì (èròjà tó pọ̀ nínú ìrẹsì), kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́: ìwádìí tó jáde ní 2013 fi hàn pé ìkookò ní ẹ̀dà méjì jíìnì AMY2B tó ń jẹ́ kí ara fọ́ sítáàṣì, ajá sì ní láti 4 dé 30. Àmọ́ bí ìdajì oúnjẹ ọmọ ajá bá jẹ́ ìrẹsì lásán àti ẹja, kálísíọ́ọ̀mù, síńkì àti àwọn fítámì tó ń rí lára kibble ti dín sí ìdajì nìyẹn. Kí oúnjẹ ilé má ju ìdá mẹ́wàá agbára oúnjẹ ọjọ́ kan lọ. (Ẹ̀bà ń kọ́? Agbára ló ní, purotéènì inú gàrí kò tó nǹkan. Òkèlè kan kò pa ajá lára, kó má di oúnjẹ alẹ́.)

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. 25 kílò lọ́nà 30 jẹ́ 750. Ẹ fi 70 kún un, ó di 820. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì torí ó ṣì ń dàgbà: 1,640 kálórì lóòjọ́. Tí àpò yín bá ní 360 kálórì wà nínú 100 gíráàmù, ó di nǹkan bíi 455 gíráàmù. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn o. Ọwọ́ yín lára ìhà rẹ̀ ló máa sọ bóyá kó lé tàbí kó dín. Ẹ gbọ́dọ̀ lè ka eegun ìhà pẹ̀lú ìka láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ojú má sì rí i láti òkèèrè. Ìdá mẹ́wàá oúnjẹ ilé jẹ́ 164 kálórì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 gíráàmù àyà adìẹ bíbọ̀ tí kò láwọ. Tí ẹ bá sì fún un nìyẹn, ẹ yọ nǹkan bíi 45 gíráàmù kúrò nínú kibble. Má fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìwọ̀n ìdáná ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, rárá. Ajá tó ní àyà jíjìn tó jẹun rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan wà nínú ewu kí ikùn wú kó sì lọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta títí á fi pé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Kò gbọ́dọ̀ sí eré sísá tàbí fífò fún wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ikùn bá le bí ìlù, tí ajá fẹ́ bì tí nǹkan kan kò jáde àfi ìfófòó, tí kò lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ má pe tréénà, ẹ má fún un ní epo pupa. Ilé ìwòsàn ẹranko ní wàràǹṣeṣà, torí wákàtí díẹ̀ ló ní.

Ibi tí tréénà ti jàre pátápátá ni pé ajá tó ti yó kì í ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ. Ọ̀nà rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ febi pa á. Nínú 455 gíráàmù yẹn, ẹ yọ 115 sọ́tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́, ẹ kó o lé tréénà lọ́wọ́, kó fi san ajá ní ẹyọ ẹyọ. Tí kibble lásán kò bá wù ú, ẹ bọ 30 gíráàmù ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ kó má lẹ mọ́ ọwọ́, ẹ dà á mọ́ kibble náà nínú ọ̀rá, kó sùn sínú fíríìjì. Láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti máa rùn bí ẹ̀dọ̀. Ẹ má kọjá 30 gíráàmù yẹn. Ẹ̀dọ̀ tó pọ̀ ń mú ajá ṣu gbuuru, fítámì A inú rẹ̀ sì ń kóra jọ.

Ẹran odò ẹran tí ẹ bá máa fún un rárá, ẹ sè é, pàápàá fùkù àti ẹ̀dọ̀. Inú àwọn yẹn ni àpò omi aràn kan máa ń wà. Ajá jẹ ẹ́ ní tútù, ẹyin aràn á tẹ̀lé ìgbẹ́ rẹ̀ dé ọwọ́ ọmọdé. Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè, rárá, ó ń ya ìfun. Ní ti àwọn tó ń ní kí ẹ fi ẹ̀tù ìbọn tàbí ata rodo sí oúnjẹ kí ajá lè rorò: ajá tí inú ń ta máa gé ẹni tó bá wà nítòsí jẹ, àwọn ọmọ ilé ló sì máa ń wà nítòsí.

Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún un? Má sọ ọ́ níwájú ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ní: “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀: oúnjẹ wo, gíráàmù mélòó, ẹ̀ẹ̀mélòó lóòjọ́, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ ńkọ́. Mo máa gbé e fún dókítà wò.” Ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́, ẹ gbé e lọ ní tòótọ́; ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Abẹ́òkúta ń rí irú ọ̀rọ̀ yìí, dókítà àdáni tó ní ìwé àṣẹ Veterinary Council náà tó. Ẹ tún béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ń ta oúnjẹ ajá. Títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí wọ́n tú kúrò nínú àpò tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò kílò sínú ọ̀rá: kò ní ọjọ́ ìparí lílò lára, òróró inú oúnjẹ náà ti kan, tí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ó ń hu èbu.

Ẹ máa wọn ajá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹ gbé e dání lórí ìwọ̀n, ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Tó bá ti wúwo jù fún gbígbé, ìwọ̀n àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ wúlò. Tí tréénà bá ní kí ajá wá gbé lọ́dọ̀ òun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ wọn ajá níwájú rẹ̀, ẹ di oúnjẹ sí ọ̀rá 42, ẹ kọ ọjọ́ sára ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó dá ọ̀rá òfìfo padà. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ mú un, ẹ tún wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.