Má ta PS4 rẹ nítorí gémù tí kò tíì dájọ́

Àbúrò mi ará Ọ̀fà, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ẹ̀rọ gémù PS4 mẹ́rin lo fi ń ṣe ilé gémù. O ti wo fídíò ìpolówó gémù Intergalactic: The Heretic Prophet débi pé o ti há a sórí, o wá fẹ́ ta mẹ́ta nínú ẹ̀rọ rẹ kí o fi ra PS5 kan, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe gémù náà fún, àti tẹlifíṣọ̀n ńlá, kó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo Ọ̀fà yóò ti kọ́kọ́ rí i. O ní kí àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Má tà á o. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí ní Tánkè, Ìlọrin níbí, ojú mi rí màbo.

Ọdún 2018 ni. Ẹ̀rọ mẹ́rin lèmi náà ní, ilé gémù mi ò sì jìnnà sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin ń gbé. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, ₦100 lórí eré kan, ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò san. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í dá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ pé gémù ìjà kan ń bọ̀, ìjà inú òfurufú, ọkọ̀ tó ń fò láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀, ìbọn tó ń tu iná búlúù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí gémù náà ò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ ara mi. Mo ta ẹ̀rọ méjì, mo fi owó rẹ̀ ra PS4 Pro kan, mo yáwó kún un ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo kọ orúkọ gémù náà gàdàgbà sára pátákó. Mo tún gba ₦500 lọ́wọ́ ọmọkùnrin mọ́kànlá, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ san ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan páàdì.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni síídì dé láti Èkó. A kírun tán, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo ki síídì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní àtúnṣe kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà wálẹ̀, ó lé ní 20GB. Fóònù mi ni mo fi fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fà á dé ìdajì, iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Dátà tán. Mo ra òmíràn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá kí gémù tó ṣí, àwọn ọmọ mẹ́ta ló kù nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì.

Mo rò pé ìyẹn ni wàhálà náà. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tó kọ́kọ́ sanwó jókòó. Àwọn inú gémù ń sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rìn, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú, ìbọn kan ò dún. Àwọn mẹ́wàá tó kù dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí èrò tó ń retí mọ́tò ní Post Office, wọ́n ń bú u pé kó yára. Gémù tó jẹ́ pé bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lèèyàn fi ń parí ìtàn rẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ pín in fún ẹni mọ́kànlá? Bọ́ọ̀lù ń parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á fi ẹni tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́, á sanwó, ẹlòmíràn á jókòó. Gémù onítàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ni wọ́n ṣe é fún, nínú yàrá tirẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọjọ́ kẹrin ló wá bàjẹ́ pátápátá. Ọmọ kan tó ń ka ìwé òfin ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé nínú gémù náà. Ó dìde, ẹlòmíràn jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi pamọ́ sórí ti ọmọ òfin. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ wọmi. Mo fi ara mi sáàárín wọn kí tẹlifíṣọ̀n tí mo yáwó rà má bàa fọ́. (Mi ò mọ̀ nígbà náà pé oníkálukú lè ní orúkọ tirẹ̀ lórí PS4 kan náà, kí ibi tí ẹnìkan dé má bàa pa ti ẹnìkejì rẹ́. Ìwọ lọ ṣe é lónìí.)

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn tún ń béèrè. Ẹ̀rọ sì ti ku mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ja ìjà òfurufú. Ẹni tó bá dé tí kò ráyè á kọrí sí ilé gémù tó wà ní àdúgbò kejì. Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kejì fi dé, lẹ́yìn àṣámù tó jẹ́ ìgbà tí owó ń wọlé fún wa jù, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gba iwájú mi kọjá. Wọ́n ń kí mi dáadáa o.

Gémù tìrẹ wá ńkọ́? Èmi náà wo fídíò yẹn, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n gbé e jáde níbi The Game Awards, ayẹyẹ tí wọ́n ti ń fún àwọn gémù ní àmì-ẹ̀yẹ, ní Amẹ́ríkà, òru ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wa, mi ò sì sùn. Obìnrin afárí yẹn, Jordan A. Mun, tó ń fi mímú ọ̀daràn jẹun. Ayé Sempiria, tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó ibẹ̀ mọ́ láti ohun tó lé ní 600 ọdún. Bó ṣe ń fi bàtà Adidas rìn nínú ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ Porsche sí lára, mo rẹ́rìn-ín. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n tún fídíò náà wò dé òpin: kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí ọdún.

Ilé iṣẹ́ Naughty Dog tó ń ṣe é ní láti 2020 ni àwọn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan náà ló ṣe gémù The Last of Us Part II. Oṣù Kejìlá 2016 ni wọ́n fi ìyẹn han aráyé, wọ́n dá ọjọ́ 21 oṣù Kejì 2020, wọ́n sún un sí oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ló tó jáde. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ nìyẹn. Tí èyí bá gba irú àkókò yẹn, a ti wọ àárín 2028. Ta ni yóò máa san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ títí dìgbà yẹn, Jordan?

Ohun kejì ni fídíò fúnra rẹ̀. Àwa ará Ìlọrin ni wọ́n ń kì pé ẹnu dùn ju iyọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó gémù ju wá lọ. Ọdún 2012 ni wọ́n ti ń dárúkọ gémù Cyberpunk 2077 létí ayé, àwọn fídíò rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ó jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020, lórí PS4 ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó ń kú lójijì. Lọ́jọ́ 17 oṣù yẹn kan náà, Sony tó ń ṣe PS4 yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ PlayStation Store, ọjà gémù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oṣù Kẹfà 2021 ló tó padà. Àtúnṣe ńlá tó sọ ọ́ di gémù gidi, tí wọ́n ń pè ní 2.0, jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2023, PS4 ò sì sí lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó fi sùúrù dúró jẹ oyin, ẹni tó sáré sanwó lórí ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò rí nǹkan kan jẹ. Ti gémù Aliens: Colonial Marines ní 2013 tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ẹranko òfurufú inú rẹ̀ ń rìn kiri bí ẹni orí rẹ̀ yí. Ní 2018 ni gbogbo ayé tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú fáìlì gémù náà, "tether", tí wọ́n ṣì kọ sí "teather". Tí o bá yọ lẹ́tà kan yẹn kúrò, àwọn ẹranko á gbọ́n sí i. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lo máa rí nínú fídíò ìpolówó?

Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ ò sì ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́rin yẹn ṣì ń bọ́ ọ. Kódà bọ́ọ̀lù FC 26 tó jáde ní 2025 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí PS4. Òótọ́ ni pé PS5 kì í dínwó bí àwọn ti àtijọ́ ṣe máa ń ṣe; ní oṣù Kẹjọ 2025 ńṣe ni wọ́n fi dọ́là 50 lé e ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà mi ò ní o má rà á láéláé. Rà á nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa gbá lórí rẹ̀ lọ́la, láti inú èrè, kí mẹ́rin di márùn-ún. Tí Intergalactic bá wá dé, jẹ́ kí ó bá PS5 nílẹ̀. Fi kọ́tìnnì gé igun kan sọ́tọ̀, ẹnìkan, páàdì kan, wákàtí ni kí o tà, má ta eré. Fa àtúnṣe náà wálẹ̀ lóru kí ẹnikẹ́ni tó dé. Nínú ọyẹ́, ṣí ẹ̀rọ kí o fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Ti èmi ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta lọ́dún yẹn. Má sì gba kọ́bọ̀ ṣáájú lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ gémù náà pàápàá, kí o tó kọ ọ́ sára pátákó, rántí pé "wòlíì aládàámọ̀" ló túmọ̀ sí. Ní àdúgbò tèmi, àwọn alfa á ti bi mí léèrè kí ọ̀dà tó gbẹ.

Síídì 2018 yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ òfin náà ti di lọ́yà báyìí. Tó bá gba Tánkè kọjá, ó máa ń dúró béèrè bóyá mo ti bá òun rí ibi tí òun dé. Mo máa ń ní kó wá jókòó kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní gba owó. Á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní òun ń bọ̀.