Hóró àgbàdo: ṣé irúgbìn ni àbí èso?

Ẹ kú iṣẹ́. Èso ni, èso gbígbẹ tó ní irúgbìn kan ṣoṣo nínú. Ìdí tí ẹ kò fi lè bó o bí ẹ̀pà nìyẹn: èèpo èso àti awọ irúgbìn inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra pátápátá.

Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ 2, kí ẹ fi èékánná ha á. Awọ fẹ́lẹ́ tó ká kúrò yẹn ló ń di èérí nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìrẹsì àti ọkà bàbà náà. Kò kan ẹ̀wà.

Ẹ tún bó àgbàdo tútù wò, ó wù mí kí ẹ fojú ara yín rí i: irùkẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan so mọ́ hóró tirẹ̀. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó kò bà lé, àlàfo ló máa wà níbẹ̀ lára ṣùkù.