Jẹnẹrétọ̀ ń dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́", kò jí: ṣé státà ló kàn láti rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Lugbe. Jẹnẹrétọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ ni mò ń lò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, "kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́" ló máa ń dún, kò sì ní jí. Àmọ́ tí ọmọ tó ń bá mi tajà bá fa okùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń tàn. Ọmọ náà ti fẹ́ padà síléèwé, apá mi ò sì ká okùn yẹn. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n ra státà tuntun. Ṣé kí n rà á? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á, mà.

Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí okùn bá ń jí i lẹ́ẹ̀kan, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ò gan, epo ń wọlé, púlọ́ọ̀gì sì ń ta iná. Àárín bátìrì sí státà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ni ọ̀rọ̀ wà. Ìró yẹn náà ń tọ́ka síbì kan: tó bá ń dún léraléra, sólẹ́nọ́ìdì (síwíìṣì tó ń gbé iná bátìrì fún státà) ló fẹ́ mú, iná ò tó o, ó já, ó tún mú. Bátìrì tó ti rẹ̀, tàbí wáyà tí kò mú dáadáa, ló sábà máa ń fa irú ẹ̀. Ká ní "kẹ́" ẹyọ kan ló dún tó sì dákẹ́, sólẹ́nọ́ìdì tàbí státà gan-an ni ǹ bá fura sí. Tí kò bá dún rárá, ẹ wo fíúsì.

Ẹ ní kí rewáyà kan bá yín fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Bátìrì 12V tó kún máa ń wà ní nǹkan bí 12.6. Tó bá ti sún mọ́ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kó tún wò ó nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́: tó bá já sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì ò lè gbé e. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń pẹ́ nílẹ̀ kí ẹ tó tàn án, bátìrì á máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ooru Abuja yìí sì ń mú kó tètè lọ.

Tí mítà ò bá sí, ẹ wá bátìrì ọkọ̀ 12V. Kí ọkọ̀ wà ní pípa. Ẹ so + mọ́ + bátìrì jẹnẹrétọ̀, kí ẹ so − mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tí kò lọ́dà lára, kó jìnnà sí epo. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí èéfín ń pààyàn. Tó bá jí wọ́ọ́rọ́, státà yín ò ṣẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló dùn mí jù. Nígbà kan ní Kubwa, mo ní kí oníbàárà kan ra státà. Ó rà á, mo dè é, tuntun náà tún ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ìdí wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó so − bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì) báyìí, mo yára fa ọwọ́ mi kúrò, ó gbóná bí ẹyín iná. Orí ọ̀dà ni wọ́n de bóòtù rẹ̀ mọ́. Mo ha ọ̀dà náà títí irin fi dán, mo dè é padà, ó jí. Mo dá owó státà padà fún un. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá gbìyànjú kọ́kọ́rọ́, ẹ fẹ̀sọ̀ fọwọ́ kan ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá gbóná ni kò mú. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lórí bátìrì, ẹ kọ́kọ́ tú −, kí ẹ tó tú +, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí − sì kẹ́yìn tí ẹ bá ń dè é padà. Fasilíìnì díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á.

Ẹ má di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún yí i, torí dídì í mú pẹ́ ló ń jó státà tó dáa.

Tí ẹ bá ti ṣáájì bátìrì, tó tún kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ wọ̀n ọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tí kò bá gòkè, jẹnẹrétọ̀ ò ṣáájì ni, bátìrì tuntun náà á kú.

Bí gbogbo èyí bá yege, kí wọ́n tú státà nígbà náà, kí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi kábọ̀ọ̀nù inú rẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí, hàn yín. Tó bá ti jẹ tán, òun nìkan ni kí wọ́n pààrọ̀, owó rẹ̀ ò tó ti státà.