Ẹ Bi Mí: Iṣẹ́ Ilé Ìtajà Tí Wọ́n Ti Ń To Ọjà Kan Àjà

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà ńlá tó dà bí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní páálí-páálí fún ẹni tó bá ní káàdì wọn, ti fún mi níwèé pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Owó wọn ju èyí tí mò ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo wà báyìí lọ. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ṣe irú iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́ta péré ló fi ṣe é tó fi sá kúrò. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dáa níbẹ̀, kí ni kò dáa? Ẹ má fi nǹkan kan bò fún mi.

— Ẹni tí ìwé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀

Èsì

Àbúrò mi, ọdún 11 ni mo lò lẹ́nu rẹ̀. Mo to ọjà, mo dúró nídìí ẹ̀rọ ìgbowó, mo wa forklift, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń fi irin gbọọrọ méjì iwájú rẹ̀ gbé ẹrù sókè, mo sì ṣe ẹni tó ń yẹ rìsíìtì wò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní sọ pé kó o gbà á tàbí kó o má gbà á kó o tó gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Ohun tó lé ọ̀rẹ́ rẹ lè má lé ìwọ, ohun tó sì máa wù ọ́ níbẹ̀ lè jẹ́ ohun tí òun kò dúró débẹ̀ rí.

Kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọjà ibẹ̀ fi wà ní owó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1976, Sol Price ṣí Price Club sí ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, nínú ilé gbàràmù kan tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sí tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló kọ́kọ́ ń tà fún, wọ́n á sì san owó káàdì kí wọ́n tó lè wọlé rà. Nígbà tó di 1983, Costco bẹ̀rẹ̀ ní Seattle, Sam's Club náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá kò tíì yí padà títí dòní. Wọn kì í kó onírúurú ọjà jọ, èyí tí wọ́n bá ń tà ni wọ́n ń rà lọ́pọ̀ yanturu. Bí ẹrù bá ṣe sọ̀ látinú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀ fún oníbàárà. Èrè tí wọ́n ń bù lé ọjà kéré, owó káàdì ló ń gbé púpọ̀ nínú èrè wọn. Irú ọjà tó wà ní Costco kì í ju nǹkan bí 4,000 lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìtajà ńlá lásán lè ní tó 30,000.

Ohun tó mú kí ọjà wọn pọ́ọ́kú yìí náà ló mú iṣẹ́ wọn rí bó ṣe rí, ire rẹ̀ àti ibi rẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀, ẹrù tó ń gba ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kọjá ló pọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi lè sanwó tó dáa fún ẹ. Ìyẹn náà ló sì ń mú kí ẹsẹ̀ dun èèyàn tó bá délé.

Wàá kúrò lẹ́ni tó ń to agolo kọ̀ọ̀kan sórí pẹpẹ. Orí pálẹ́ẹ̀tì lọjà ń wà, ìyẹn pátákó onígi tí wọ́n ń to ẹrù lé. Forklift á gbé e wá, wàá gé ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, ìkan ti tán. Ó dà bí eré lójú ẹni tó bá ń wòran. Ṣùgbọ́n ọjà tó ṣẹ́ kù lórí pálẹ́ẹ̀tì àná ní láti bọ́ sórí tòní, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń kó o. Fojú inú wo páálí kílò 15, kí wọ́n tó 40, kó o tẹ̀ ba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nísàlẹ̀ kó o sì gbé e dé àyà, kí ago mẹ́fà ìdájí tó lù. Lẹ́yìn èyí ló wá kan ọjà mìíràn. Mo rò pé ibí yìí ló ti ọ̀rẹ́ rẹ sá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló le jù lọ. Ara mi kò gbà á mọ́ra títí ó fi di oṣù kẹrin, lọ́jọ́ tí mo sì ṣàkíyèsí pé mo tò dé ìparí láìdúró mí, inú mi dùn gan-an.

Mo fẹ́ràn ìdájí yẹn. Ago mẹ́rin là ń wọlé. Iná á ti tàn káàkiri òrùlé, kò sí oníbàárà kankan, ìró forklift tó ń fi ẹ̀yìn rìn nìkan lò ń gbọ́ lókèèrè. Àwa mẹ́jọ la máa ń tún ilé tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù ṣe kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Tí ilẹ̀kùn bá wá ṣí, tí ọjà jókòó létòlétò tí ilẹ̀ mọ́ fo, èèyàn á mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán gangan, èmi ti wà nílé. Mo ń gba àwọn ọmọ mi nílé ìwé lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí mo mọ̀ kò lè ṣe é. Ní tèmi, wákàtí ọ̀sán yẹn níye lórí ju bọ́nọ́ọ̀sì lọ.

Ohun mìíràn tó dáa ni pé wọ́n máa ń mú ọ̀gá láàárín òṣìṣẹ́. Mo bá ọ̀gá mẹ́ta ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹrù tí oníbàárà ń fi sílẹ̀ níta ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó jọ. Ẹni tó ti gbé ẹrù rí kì í pàṣẹ bí ẹni tí kò gbé e rí.

Àmọ́ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ wákàtí. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹnu ni wọ́n fi sọ fún mi pé wákàtí 40 ni mo máa máa ṣe lọ́sẹ̀. Nígbà tí àkókò tí ọjà ń yá kọjá tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní 22. Mo lọ wo ìwé tí mo fọwọ́ sí, n kò rí 40 níbẹ̀ rárá. Owó wákàtí kan lè dára títí, tí wákàtí bá dín, owó oṣù á dín. Torí náà kó o tó buwọ́ lùwé, bi wọ́n pé: wákàtí mélòó ló kéré jù tí ẹ máa fún mi lọ́sẹ̀, ṣé ó wà nínú ìwé? Ọjọ́ mélòó ṣáájú ni ẹ máa ń lẹ ìwé ṣíìfù? Ìgbà wo ni ìbánigbófò ìlera àti ìsinmi tó lówó á bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tuntun? Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ yìí po, má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó o wà.

Mọ̀ pẹ̀lú pé nígbà tí gbogbo ayé bá ń sinmi lọjà wọn ń yá jù. Ọdún méjì léra wọn ni n kò sí níjokòó nígbà tí wọ́n pe ọmọ mi obìnrin jáde gba ẹ̀bùn níléèwé. Ó ṣì ń dùn mí.

Tó o bá gbà á, forklift ni kó o tara ṣàṣà kọ́, torí pé ìmọ̀ rẹ̀ á bá ọ dé ibi iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ohun à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti wà á nílé ìtajà. Taya ẹ̀yìn ló fi ń yà, kì í ṣe tiwájú bíi ti mọ́tò, nítorí náà ìdí rẹ̀ máa ń gbá síta bó o bá ń kọ́nà. Ẹni tó kọ́ mi to páálí òfìfo mẹ́rin sílẹ̀, ó ní kí n wà á yí wọn po láìkan ọ̀kankan. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi ń kàn wọ́n. Ó kọ́ mi pé bí mo bá gbé ẹrù rìn, kí ẹrù wà nísàlẹ̀, kó fẹ̀yìn tì díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó sì ní bí forklift bá fẹ́ dojú dé, mi ò gbọ́dọ̀ bẹ́. Kí n wà nínú bẹ́líìtì, kí n di sitiarin mú, kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ gbọn-in, kí n tẹ̀ sí òdìkejì ibi tó ń ṣubú sí. Ẹni tó bá bẹ́ ni ọkọ̀ náà máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wàá bá pàdé. Bá a bá fẹ́ gbé pálẹ́ẹ̀tì sókè nígbà tí oníbàárà wà nínú ilé, kì í ṣe ọ̀nà tí forklift wà nìkan là ń dí, a tún ń dí èyí tó wà lódìkejì pẹpẹ gíga tá a fẹ́ gbé e lé. Ẹrù tá a tì wọlé níwájú lè ti tẹ̀yìn jábọ́ sórí ẹni tí kò rí wa. Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, wọ́n ní ká dí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kíṣẹ́ lè yá. Páálí méjì já lu ilẹ̀ ní ibi tí obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ wọn kọjá. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí ọjọ́ yẹn fi ṣú. Láti ìgbà yẹn, bí ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá tíì dí, n kì í gbé e, ẹni yòówù tó bá ń kánjú. Ìwọ náà, má gbé e.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé ìtajà báyìí fún oṣù mẹ́fà. Tó bá ti jí láàárọ̀, kò lè tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń di ògiri mú. Bó bá rìn díẹ̀, ìrora náà á lọ sílẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ọkàn mi kò balẹ̀.

— Ìyá tó ń wòye

Èsì

Ìyá mi, ẹ kú àmójútó. Nǹkan kan wà níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ yẹn pa yín lẹ́nu mọ́. Èmi náà jẹ nínú ìyà yẹn lọ́dún kejì mi. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tó so gìgísẹ̀ mọ́ ìdí àwọn ìka ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá ń dúró lórí kọnkéré fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, iṣan yìí lè bó nínú. Tí onítọ̀hún bá sùn, á sún kì. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ á wá nà án lójijì, ìyẹn ló fi ń dùn jù nígbà yẹn.

Dókítà ni kó lọ rí kó lè dá a lójú pé òun gan-an ni, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tó bá ń kú tipiri. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Bàtà méjì ni mo rà, mò ń wọ̀ wọ́n ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan, kí inú ọ̀kan lè sinmi padà. Gbàrà tí ìsàlẹ̀ bàtà bá ti pẹlẹbẹ, mo jù ú nù, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń dán. Kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń fi aṣọ ìnura kọ́ iwájú ẹsẹ̀, màá rọra fà á wá sọ́dọ̀ mi fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó fi mí sílẹ̀.

Ẹ bá mi bi í nípa ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi kílò 23 ṣe òdiwọ̀n ẹrù tí èèyàn lè gbé bí gbogbo nǹkan bá rọgbọ: kí ẹrù sún mọ́ ara, kó má wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí èèyàn má yí ìbàdí, kó má sì gbé e léra-léra. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá yẹ̀, òdiwọ̀n náà á wálẹ̀. Níbi iṣẹ́ ọmọ yín, ó máa ń yẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ ní kó máa yí ẹsẹ̀ dípò ìbàdí, kó sì pe ẹnì kejì bí ẹrù bá wúwo. Ọ̀dọ́ kì í fẹ́ pe ẹnì kejì. Ẹ tẹnu mọ́ ọn fún un.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí, èmi ni mò ń yẹ rìsíìtì wò. Àwọn oníbàárà ń bínú sí mi pé mo pe àwọn lólè. Kí ni kí n máa sọ?

— Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà

Èsì

Àbúrò, má kọ́kọ́ béèrè rìsíìtì. Kí wọn, kó o wá sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n rí i pé wọn ò gbowó lé yín.” Òótọ́ ni, torí pé ọjà tó wúwo máa ń wà nínú kẹ̀kẹ́ tí kaṣíà á sì na ẹ̀rọ sí i, ó sì rọrùn kí ẹ̀rọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Máa wo ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ àti àwọn ọjà olówó ńlá kó o tó wo ohun mìíràn, kó o má bàa dá wọn dúró pẹ́.

Bàbá kan wà tó máa ń fìbínú na rìsíìtì sí mi bíi pé ó fẹ́ fi lù mí lójú. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé taya mẹ́rin ló gbé, mẹ́fà ni wọ́n gbowó rẹ̀. Mo mú un padà lọ sọ́dọ̀ kaṣíà, wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ó ti máa ń yọ rìsíìtì lápò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.