Èsì: Ṣé kí n fòfin de gàrí nítorí eyín ọmọ?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ ní eyín ọmọ ń jẹrà, ẹ sì fẹ́ fòfin de gàrí. Ká máa gbé Ìjẹ̀bú-Òde ká má mu gàrí kẹ̀? Ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i ni kí ẹ bá wí.

Kòkòrò inú ẹnu máa ń sọ ṣúgà di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Itọ́ ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, ó sì lè gbà tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ fa ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀díẹ̀, tó tún ń lá súwíìtì, kò fún itọ́ láyè rárá. Iye ìgbà tó ń fẹnu kan nǹkan dídùn lóòjọ́ ló le ju bí nǹkan náà ṣe pọ̀ tó. Bó bá máa mu ún, kó jẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Omi lásán ni kó máa mu láàárín.

Ẹ̀pà àti ẹja díndín ni kí ẹ fi ti gàrí lẹ́yìn. (Ìkòkòrè ò ní wàhálà, ẹ bù ú fún un dáadáa.)

Lálẹ́, tó bá ti fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) fọnu, omi nìkan ni kó mu, torí itọ́ máa ń dín kù lójú oorun.

Ní ti eyín tó ti lu ihò, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Oúnjẹ ò lè dí ihò náà.